Iṣẹ́ Oníṣẹ́ Nínú Fóònù Wa: Ọ̀nà Wo Ni Oníṣẹ́ Yóò Gbà Jẹun?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú wáàsí ọjọ́ Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé kan láàárín wa tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ olè ni. Ṣùgbọ́n olè tí mo ń wí yìí kì í fọ́ ilẹ̀kùn, kì í gbé àdá, kì í sì í dúró de òru. Ọ̀sán gangan ni ó ń ṣiṣẹ́, ìta gbangba ni ó ń jókòó sí, bí a bá sì ń kọjá lọ, a ó kí i pé ó kú iṣẹ́. Ohun tí ó ń jí ni orin, fíìmù àti wáàsí tí ẹlòmíràn fi owó àti òógùn ojú rẹ̀ ṣe.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀fà yóò mọ Ìkìrun, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Yóò mọ Òkukù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, yóò sì mọ Ìnísà tí òun náà wà ní Odò-Ọ̀tìn. Ìlú mẹ́ta yìí ni mo rìn kí n tó jókòó kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ni mo gbé wá sórí àwọn ará oko.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọjà àti ní ìdíkọ̀, ẹ ó rí àwọn ìsọ̀ kéékèèké tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sí ẹnu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì, wáyà kún ilẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé àwọn ń fi orin àti fíìmù sínú fóònù. Oníbàárà yóò yọ mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀, yóò nà án sí ọmọkùnrin tí ó jókòó. Ọmọkùnrin náà yóò bi í pé, "Kí ni kí n bá yín fi sí i, Mà?" Oníbàárà yóò dárúkọ ohun tí ó ń fẹ́: fújì, wákà, orin ìjọ, fíìmù Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wáàsí Ààfáà yìí, tàfúsírì Ààfáà tọ̀hún. Kí ènìyàn tó jẹ ẹ̀kọ méjì tán, ọgọ́rùn-ún orin ti wọ inú káàdì. Owó tí oníbàárà kan san lójú mi kò tó owó búrẹ́dì ńlá kan, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tí yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọrin, ẹni tí ó ṣe fíìmù, tàbí ẹni tí ó gba ohùn Ààfáà sílẹ̀.

Ní Ìkìrun, mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí léèrè. Ọmọlúàbí ni, ó dìde kí mi kí ó tó dá mi lóhùn. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tí ó ni orin yìí ńkọ́? Ǹjẹ́ o gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó máa tà á?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá fẹ́ ra ojúlówó, ibo ni kí n ti rà á? Nígbà tí síídì ṣì ń tà, àwọn alágbàtà máa ń gbé e wá bá wa. Láti ìgbà tí síídì ti kásẹ̀ nílẹ̀, n kò tún rí ẹnì kan kí ó wá mọ́. Àwọn ará ìlú sì ń fẹ́ gbọ́ orin. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ẹ̀yin ará, ìdáhùn yìí kò sọ olè di olóòótọ́. Síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ olówó ilé-iṣẹ́ orin tàbí ti fíìmù, èmi ìbá kọ ọ́ sára ògiri yàrá iṣẹ́ mi kí n lè máa kà á ní òròòwúrọ̀. Ilé-iṣẹ́ ní ọjà, kò gbé e wá. Olè kò ní ọjà, ó gbé e wá. Ta ni ará Ìkìrun yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní Ìnísà, mo rí ìyá kan tí ń ta ata. Inú fóònù rẹ̀ kékeré kún fún wáàsí, bí ó ti ń ṣa ata ni ó ń gbọ́ ọ. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹ̀san ni òun ń kó jọ. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ẹnì kan ni ohun tí òun ń gbọ́. Ní Òkukù, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń fi Xender ju fíìmù láti inú fóònù kan sí èkejì. Wọn kò ná dátà, wọn kò san kọ́bọ̀, wọn kò sì rí ara wọn bí ẹni tí ń ṣe ohun tí kò dára. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ń tà á àti ẹni tí ń fi í tọrẹ fún ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n lójú oníṣẹ́ tí ó ń retí owó, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì.

ÀWỌN ÀGBÀ TI RÍ IRÚ RẸ̀ RÍ

Láyé àtijọ́, oníṣẹ́ ohùn kò ní ìṣòro yìí. Ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan tí ń jẹ́ Karin Barber gbé ní Òkukù yìí láàárín 1974 sí 1977, ó sì kọ ìwé ńlá kan, tí ó jáde ní 1991, lórí oríkì tí àwọn obìnrin ìlú náà ń ké. Oríkì jẹ́ ti ìdílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀jáfáfá ké e fún òun níbi ìnáwó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan àpò. Ojú ẹsẹ̀ ni akéwì ń gba owó rẹ̀, nítorí ọ̀fun rẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè gbé ọ̀fun ẹlòmíràn lọ sílé.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni ó kọ́kọ́ ya ohùn kúrò lára olóhùn. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó wà láàárín olórin àti olùgbọ́ ti di alágbára. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tètè lóye èyí ni olóògbé Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá, Mùsùlùmí bí tiwa, baba àpàlà. Ní 1969, òun àti I. K. Dairo, tí í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní STAR sílẹ̀, kí olórin lè jẹ nínú ohun tí ó gbìn. Ní 1971, ó ṣe àwo tí ó fi kí ẹgbẹ́ Òròkí ní Òṣogbo, ìlú tí kò jìnnà sí Ìkìrun rárá. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ní 1979, ó kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ tí wọ́n sì ń tẹ àwo. Ẹ wo ọgbọ́n ọkùnrin yìí: kò jókòó máa bú àwọn tí ń jẹ lórí rẹ̀. Ó gba ọ̀nà tí ọjà fi ń dé ọwọ́ oníbàárà, ó fi sábẹ́ ìkáwọ́ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Hubert Ògúńdé. Nígbà tí ó ṣe fíìmù Ayé ní 1979 àti Jáíyésinmi ní 1980, láti ìlú dé ìlú ni ó ń gbé e kiri bí ó ti ń gbé eré rẹ̀ kiri tẹ́lẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà sì ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó yóò wá sí gbọ̀ngàn.

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé, ẹ̀rọ tí ń dà á kọ sì wọ inú ilé. Fídíò tẹ̀ lé e. Ní 1992, Kenneth Nnebue, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ ń náwó sí fíìmù Yorùbá, gbé Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, láti ìgbà náà ni fíìmù ti di ohun tí a ń kó sórí àtẹ bí ọsàn. Ohun tí a bá ń tà bí ọsàn, a lè jí i bí ọsàn. Síídì dé, ó tún rọrùn ju kásẹ́ẹ̀tì lọ láti dà kọ. Ní 2001, fóònù alágbèéká ti GSM dé Nàìjíríà, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí fóònù fi di rédíò, sinimá àti ilé ìkówèésí nínú àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé ni dídà kọ ń rọrùn sí i, ni oníṣẹ́ sì ń ké pé òun kú. Àwọn tí kò kú nínú wọn ni àwọn tí ó sún mọ́ oníbàárà ju bí olè ti sún mọ́ ọn lọ.

ṢÉ OLÈ NI LÓÒÓTỌ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, "Ṣé olè ni ẹni tí ó da orin kọ? Orin ṣì wà lọ́wọ́ olórin, kò dín kù." Àwọn mìíràn yóò ní, "Wáàsí ti Ọlọ́hun ni. Ta ni ó tó sọ pé òun ni ó ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun?" Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù.

Nínú Àlùkùránì, Súúrátù Nísáì, ẹsẹ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Ọlọ́hun kọ̀ fún àwa onígbàgbọ́ pé kí a má ṣe jẹ ohun ìní ara wa lọ́nà èrú, àfi bí ó bá jẹ́ òwò tí tọ̀tún-tòsì fi ọwọ́ sí. Níbi Hájì ìdágbére, Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kéde pé dúkìá Mùsùlùmí jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ǹjẹ́ orin tàbí ìwé tí ènìyàn fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe jẹ́ dúkìá? Àwọn onímọ̀ òde òní kò fi ìyẹn sílẹ̀ láìdáhùn. Ní oṣù Disẹ́ńbà 1988, ìpàdé karùn-ún ti ilé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fíqí lágbàáyé, èyí tí ó wà lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, jókòó ní Kuwait. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe àwárí ohun tuntun, àti orúkọ tí oníṣòwò fi ń tajà, gbogbo rẹ̀ ni Ṣẹríà ń dáàbò bò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lójú.

Nípa wáàsí, ọ̀nà méjì ni. Bí Ààfáà bá sọ pé kí a máa pín wáàsí òun, ẹ pín in. Sàdákà tí kì í tán ni, ẹ̀san rẹ̀ yóò sì máa bá a títí dé inú sàréè. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ó fi í sínú káàdì tí ó sì gba owó, kì í ṣe pínpín ni ó ń pín in. Ó sọ sàdákà ẹlòmíràn di òwò ara rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni ó ra kámẹ́rà, tí ó ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, tí ó gbé ọmọṣẹ́ tẹ̀ lé Ààfáà láti ìlú dé ìlú nínú oṣù Ràmàdáànù, owó tiwọn ni ó ń jẹ. Ọdún tí owó yẹn kò bá padà wálé mọ́ ni kámẹ́rà yóò sùn sínú àpótí, a kò sì ní gbọ́ wáàsí ọdún náà mọ́ láéláé, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kò gbà sílẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

ÒFIN NÌKAN KÒ TÓ

Orílẹ̀-èdè wa kò ṣe aláìní òfin. Ní 1988 ni ìjọba ṣe òfin tí ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, àjọ tí ń mú un ṣẹ, Nigerian Copyright Commission, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989. Ní 2005, àjọ náà dá ètò àkànṣe kan sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn olùdàkọ. Ní oṣù Mááṣì 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní òfin 2022, èyí tí ó wo ti íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa: oníṣẹ́ lè kọ ìwé sí ẹni tí ó ni ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ó yọ iṣẹ́ òun kúrò, àjọ náà sì lè mú kí wọ́n dí ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ Ìkìrun lónìí, òmíràn yóò ṣí ìsọ̀ ní Ìnísà lọ́la. Bí wọ́n bá ti Ìnísà pa, àwọn ọ̀dọ́ Òkukù yóò ṣì máa ju fíìmù sínú fóònù ara wọn lábẹ́ igi. Ẹ wo Toyin Abraham tí ó gbé fíìmù Málàíkà lọ sí sinimá ní Disẹ́ńbà 2023. Ọdún 2024 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, tí òun náà fi igbe ta pé àwọn olè ti jí i, wọ́n sì ti ń pín in kiri. Orúkọ ńlá kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ wọn, òfin tuntun náà kò sì tètè gbà á.

Wọ́n ti rí irú rẹ̀ lókè òkun. Ní 1999, Napster bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà máa gba orin lọ́fẹ̀ẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ara wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ orin gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n borí, Napster sì ti ilẹ̀kùn ní 2001. Ǹjẹ́ olè dáwọ́ dúró? Rárá o; òmíràn yọ, òmíràn tún yọ. Ní 2003 ni Apple ṣí ilé ìtajà orin iTunes, níbi tí ènìyàn ti lè ra orin kan ṣoṣo, láìra odindi àwo, ní owó tí kò tó dọ́là kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n ta ju mílíọ̀nù kan orin lọ. Ní Norway, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí ó fi hàn pé orin tí àwọn ènìyàn dà kọ láìtọ́ ní 2008 tó bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù. Nígbà tí ó fi máa di 2012, ó ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù igba ó lé mẹ́wàá. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Spotify, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ní Sweden tí ó múlé gbè wọ́n, àti àwọn mìíràn bí irú rẹ̀ jẹ́ kí orin tí ó tọ́ rọrùn láti gbọ́ ju èyí tí a jí lọ. Kì í ṣe pé àwọn ará Norway ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ọdún náà. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni ó kúrú ju ọ̀nà olè lọ.

OHUN TÍ ILÉ-IṢẸ́ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ìkínní ni pé kí ọjà dé ẹnu ọ̀nà wa. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù dé, ṣé wọ́n kọ́ ọ́fíìsì sí gbogbo abúlé? Rárá. Wọ́n kó káàdì ìpè fún àwọn onísọ̀, wọ́n fi èrè díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kò sì sí ìletò tí káàdì kò dé. Kí ni ó dé tí ilé-iṣẹ́ orin, ti fíìmù àti ti wáàsí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Ìkìrun yẹn? Kí wọ́n sọ ọ́ di alágbàtà. Kí wọ́n máa fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa san ìpín tiwọn láti inú ohun tí ó bá tà, kí ìpín tirẹ̀ sì kù sí i lọ́wọ́. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún àwọn ará ìlú ti kún ojú títì. Owó kò ní ṣòro láti fi ránṣẹ́. Ọmọ yìí mọ oníbàárà ju ọ̀gá tí ó wà ní Èkó lọ. Ó mọ orin tí ìyá aláta ń fẹ́ kí ìyá náà tó la ẹnu. Ẹni tí ó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a kò bá gbà á síṣẹ́, ọ̀tá ni yóò jẹ́ fún wa.

Ìkejì ni ìwọ̀n kékeré. Ẹni tí kò lè ra àpò gààrí kan yóò ra kóńgò kan. Ẹni tí kò lè ra kóńgò yóò ra ife kan. Kí Globacom tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, ìṣẹ́jú ni a fi ń ka owó ìpè. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ yóò san owó odindi ìṣẹ́jú. Globacom ní ìṣẹ́jú-àáyá ni àwọn yóò máa fi kà á, àwọn yòókù sì ní láti tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ní kí ará Òkukù san owó oṣù kan pọ̀, kí ó fi káàdì báǹkì san án, kí ó sì tún ra dátà tí yóò fi wò ó. Ní oṣù Jánúárì 2025, ìjọba fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi ìdajì kún owó wọn. Àpò gààrí ni wọ́n gbé síwájú ẹni tí ife kan ń wá. Kí wọ́n ta fíìmù kan, wáàsí kan, orin mẹ́wàá, ní owó ife, kí ó sì ṣeé wò láìsí dátà.

Ìkẹta ni àkókò. Nígbà tí fíìmù bá ti jáde ní Èkó, tí ìròyìn rẹ̀ gba inú fóònù gbogbo ènìyàn kan, ará Ìkìrun kò lè fi oṣù mẹ́ta pa ẹnu mọ́. Àlàfo oṣù mẹ́ta yẹn ni oko olè. Ọ̀nà Ògúńdé kò tíì gbó: bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ àfihàn wá sí gbọ̀ngàn ìlú ní Ìkìrun lónìí, kí wọ́n lọ sí Ìnísà lọ́la, kí wọ́n dé Òkukù ní ọ̀tunla, àwọn ènìyàn yóò san owó ẹnu ọ̀nà, nítorí ìdùnnú wà nínú kí a jọ wo ohun kan pọ̀.

Ìkẹrin ni ohun tí olè kò lè dà kọ. Ẹ̀dà tí wọ́n jí a máa gé ní àárín, ohùn rẹ̀ a máa kùn bí oyin, nígbà mìíràn kòkòrò tí ń ba fóònù jẹ́ a máa bá a wọlé. Nínú wáàsí, ewu tí ó wà níbẹ̀ tún ju èyí lọ, nítorí wọ́n lè gé ọ̀rọ̀ Ààfáà sí méjì kí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ta odindi tí ó mọ́, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí pé ohun tí Ààfáà sọ gan-an nìyí, ń ta ohun tí olè kò ní.

Ìkarùn-ún ni pé kí wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bá jà. Kí wọ́n fi òfin mú àwọn ńlá tí ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fíìmù sórí Telegram àti íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń fi ìpolówó jẹun níbẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké, kí wọ́n fi òwò fà wọ́n mọ́ra. YouTube ní ẹ̀rọ kan láti 2007 tí ń dá iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ̀ bí ẹlòmíràn bá gbé e sórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lè ní kí wọ́n yọ ọ́, ó sì lè ní kí owó ìpolówó rẹ̀ máa bọ̀ sọ́dọ̀ òun. Ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ti ń gbé fíìmù wọn síbẹ̀ fúnra wọn báyìí.

N kò ní tàn yín jẹ pé gbogbo èyí yóò mú owó ńlá wá lójijì. Owó ife kò tó owó àpò, ẹni tí ó fi mílíọ̀nù rẹpẹtẹ ṣe fíìmù yóò sì bi mí pé mélòó ni ife tí òun yóò tà kí òun tó rí owó òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lónìí, mélòó ni ó ń rí gbà láti Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù? Òdo ni. Ẹni tí ń gba òdo kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ife.

ÌPÍN TIWA

Àwa náà kò gbọ́dọ̀ di gbogbo ẹrù lé ilé-iṣẹ́ lórí. Ọjọ́ tí ojúlówó bá dé ẹnu ọ̀nà wa ní owó tí apá wa ká, tí a bá sì tún lọ ra ti olè, kò sí àwáwí mọ́. Ẹ̀yin Ààfáà wa, ẹ máa sọ ọ́ ní gbangba kí wáàsí tó bẹ̀rẹ̀: ẹ sọ èyí tí ẹ yọ̀ǹda kí a pín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sọ èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ń náwó lé lórí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, kò gba ìṣẹ́jú kan, yóò sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń kọ́ṣẹ́ nínú irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí ohun tí ó ń tà ti wá, bí ẹ ó ti bi í bí ó bá gbé ewúrẹ́ wọlé.

Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ tí ẹ ni ilé-iṣẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Àwọn ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kò kọ̀ láti sanwó. Wọ́n ń sanwó lójoojúmọ́, ọwọ́ olè ni owó náà ń bọ́ sí. Ẹ gbé ọjà yín wá, ẹ wọ̀n ọ́n níwọ̀n tí a lè rà, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi halálì tó gbogbo wa, kí Ó sì má jẹ́ kí a jẹ òógùn ẹlòmíràn láìmọ̀. Àmín.